Èéfín Funfun Lẹ́yìn Ọkọ̀ Àdìó

Ọyẹ́ bo Sakété mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí òmìnira Dàhọmè ṣì jẹ́ tuntun. Igi àti òrùlé dà bí ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá. Àdìó, oníṣòwò aṣọ, gbé ìyá rẹ̀, Ràúdátù, sínú Pẹ́jò rẹ̀. Ojú ìyá náà ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ rí àbúrò rẹ̀ ní Pobè kí ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú rẹ̀ tó tán.

Mekáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, ó sì tò ó padà. Bí ọkọ̀ ti jí, èéfín funfun tú jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Ràúdátù bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àdìó, àbí inú ìkùukùu la ń gbà lọ ni?"

"Òtútù ni, Ìyá. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á lọ."

Wọ́n wọ àárín ọ̀pẹ. Ìyá ń tòògbé, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Oòrùn yọ, ọyẹ́ ká kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n èéfín náà ò ká. Ó ń tẹ̀ lé wọn, ó ki, ó funfun báláú.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé iwájú ilé ìgbẹ̀bí Pobè, ọkọ̀ húkọ́, ó dákú. Omi ń hó nínú rẹ̀. Àdìó mú àkísà, ó nawọ́ sí ìdérí rádíétọ̀.

"Ẹ má ṣí i!"

Félicité, agbẹ̀bí tó máa ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí àwọn abúlé bíi Towé àti Ahoyéyé, ló sáré jáde. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá iná nà láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Omi rádíétọ̀ ló ṣe èyí fún mi. Ẹ jẹ́ kó tutù ná."

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tí wọ́n wá ṣí i, omi ti lọ sílẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀kán kan nílẹ̀.

"Níbo lomi gbà lọ, Màdáàmù?"

"Ẹ́ńjìnnì ló ń mu ún, tó ń tú u jáde bí èéfín." Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo ẹ́ńjìnnì yọ. Epo náà ti dà bíi kafé oníwàrà. "Omi ti wọnú epo. Ó jọ pé awọ tín-ín-rín tí wọ́n tẹ́ sáàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ ò dì dáadáa."

"Bí mo bá bomi kún un, tí mo rọra wà á padà sílé ńkọ́?"

"Ẹ ó sin ẹ́ńjìnnì sójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. Bóyá ẹ̀yin àti Ìyá ló máa kù sínú igbó ọ̀pẹ."

Àdìó wo ìyá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mekáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì náà. Ọkùnrin náà wá, ó pààrọ̀ awọ náà, ó fún àwọn bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mú le, ó sì da epo tuntun sí i.

Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ fi wà nílẹ̀, Ràúdátù wà lọ́dọ̀ Jádesọ́lá, àbúrò rẹ̀. Ó máa ń gbé ojú àbúrò náà sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, sínú oòrùn àárọ̀, a sì máa wò ó pẹ́.

"Mo ti wò ọ́ yó," ló sọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe àrùn. Omi tó kù sínú ọ̀pá èéfín lẹ́yìn àtúnṣe náà lè fà á. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti gbóná tí èéfín náà kò dáwọ́ dúró, tí omi ń dín kù tàbí tí epo ẹ́ńjìnnì di funfun, ẹ dúró. Ẹ má ṣí rádíétọ̀ gbígbóná. Ẹ má fi omi tan ara yín jẹ. Ẹ pe ẹni tó tún un ṣe kó wá wò ó, nítorí ẹ̀mí ló wà nínú ọkọ̀ yín.