Omijé Ìyá Sùrájù

Ọdún tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni Àtàndá kú ní Ìkòsì. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ó jẹ ẹ̀kọ, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sùn, kò sì jí mọ́.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹta, gbogbo ilé ń sunkún. Ìbíjọkẹ́ nìkan, ìyá bàbá ọmọ náà, ló jókòó tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyinná, tó sì gbẹ. Ìka tó fi ń wẹ ọmọ náà láràárọ̀ ti wọ́. Kókó líle yọ sí ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì. Tó bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, á máa mí hẹlẹ.

Àwọn aráalé, tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì máa ń dùn lẹ́nu wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wí. Wọ́n ní àjẹ́ kì í lómijé. Wọ́n ní ìgúnpá yẹn ni ìyẹ́ ń gbà yọ. Wọ́n ní ẹyẹ ké lórí òrùlé lọ́jọ́ tí ọmọ kú, bí ẹni pé ẹyẹ kì í ké ní Ìkòsì lójoojúmọ́.

Karimot, ìyá ọmọ náà, dìde lórí ẹní. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sunkún ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Mò ń sun ún, Karimot. Omi ni ò jáde."

"Irọ́ ni! Ẹ̀yin lẹ pa á! Bàbá Àtàndá, èmi tàbí ìyá yín. Ẹnì kan á kúrò nílé yìí lónìí."

Sùrájù, bàbá ọmọ náà, kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó sìn ín lọ sílé Salaudeen, àbúrò ìyá náà, ní Ṣángíṣá. Kò padà lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ló dun Ìbíjọkẹ́ jù.

Nígbà tó yá, Salaudeen ránṣẹ́ pé ìyá ti wà ní ọsibítù, kò lè mí dáadáa mọ́. Sùrájù lọ. Ó rọra bi dókítà pé kí ló ń gbẹ omi ojú èèyàn.

"Làkúrègbé tó ká wọn lọ́wọ́ kò náà ni," dókítà dáhùn. "Irú eléyìí kì í dúró sí oríkèé nìkan. Òun ló gbẹ omi ojú wọn, òun ló ta kókó sí wọn ní ìgúnpá, ó sì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti lè da omijé, bó ti wù kó dùn wọ́n tó."

Sùrájù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màámi, ẹ foríjì mí."

Nọ́ọ̀sì ń kán òògùn sí ìyá lójú kí ojú má baà ta á. Òògùn náà kún, ó ṣàn wá sẹ́rẹ̀kẹ́. Ìbíjọkẹ́ fi ìka wíwọ́ kàn án.

"Sùrájù, ó ti ń jáde! Sáré, lọ pe Karimot wá wò ó."

Kò lè sọ fún un pé òògùn ni. Ó sáré. Lójú ọ̀nà àbọ̀ ló ro gbogbo rẹ̀ fún Karimot. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, wọ́n ti faṣọ bo ìyá látorí dé ẹsẹ̀.

Karimot ṣí aṣọ náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ti gbẹ pátápátá.

"Mo ti rí i, Màámi," ló ń wí. "Ẹ gbọ́, mo ti rí i."