Ṣòkòtò Elvi Kò Mọ Bí A Ṣe Ń Dákẹ́

Elvi ni orúkọ ọmọ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó wọ ṣòkòtò òtútù rẹ̀ tuntun. Aláwọ̀ búlúù ni. Ó ń dán yinrin.

Ìyá àgbà rẹ̀ na ṣòkòtò mìíràn sí i. Mummu ni Elvi ń pe ìyá àgbà. Ṣòkòtò onírun àgùntàn ni èyí, ó ti gbó, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ ní orúnkún. Mummu fúnra wọn ló wọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

"Èyí ló dára fún wíwo ẹyẹ," ni Mummu wí.

Elvi yínmú. "Ó máa ń yún mi, Mummu. Mi ò wọ̀ ọ́."

Mummu ò bá a jà. Wọ́n ká ṣòkòtò náà, wọ́n jù ú sẹ́yìn mọ́tò.

Òwìwí ńlá ni wọ́n ń lọ wò nínú àbàtà. Láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, Mummu ò tíì rí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, dókítà máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún orúnkún wọn. Kí orúnkún tó san, yìnyín á ti yọ́, òwìwí á ti lọ. Òní nìkan ló kù.

Nígbà tí wọ́n dé àbàtà, yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀. Egungun ìhà àgbọ̀nrín tí àwọn èèyàn so fún àwọn ẹyẹ rọ̀ sára igi, àwọn ẹyẹ kéékèèké sì ń ṣa ọ̀rá ara rẹ̀ jẹ.

Tọ̀, tọ̀, tọ̀.

Mummu nawọ́ síwájú. Òwìwí rèé! Ó jókòó sórí igi gbígbẹ, ojú rẹ̀ rí roboto bí àwo.

Elvi gbé ẹsẹ̀ kan. Fìṣì.

Ó gbé èkejì. Fàṣà.

Fìṣì-fàṣà, fìṣì-fàṣà.

Fìrì! Àwọn ẹyẹ kéékèèké fò lọ. Òwìwí náà yíjú, ó na apá, ó lọ. Mummu ò tíì gbé awò awọ̀nàjíjìn wọn dé ojú láti rí i dáadáa.

"Ẹnu rẹ dákẹ́, Elvi," ni Mummu wí jẹ́jẹ́. "Ṣòkòtò rẹ ni ò dákẹ́. Ẹyẹ yẹn ń gbọ́ ìrìn eku lábẹ́ yìnyín."

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Wọ́n ní kí àwọn kúkú máa lọ sílé.

Àánú Mummu ṣe Elvi. Omi lé sí i lójú.

"Mummu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ fún mi ní ṣòkòtò yín."

Ó wọnú mọ́tò. Ó bọ́ ti búlúù. Ó wọ ti Mummu.

Páà! Ó ń yún un ní itan. Ó ń yún un ní orúnkún. Elvi ò họ ọ́.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Kò sí ariwo.

Ó gbé èkejì. Kò sí ariwo.

Ó fi ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n mú wá láti ilé ra igi lára fún àwọn ẹyẹ kéékèèké, òun àti Mummu sì dúró. Àwọn ẹyẹ náà padà wá. Tọ̀, tọ̀, tọ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ bà lé fìlà Mummu.

Wọ́n dúró, dúró, dúró. Imú Elvi pọ́n. Ara ń yún un. Kò họ ọ́.

Ni òjìji kan bá kọjá lórí yìnyín.

Òwìwí ti padà! Ó bà sórí igi gbígbẹ. Ó dẹ etí. Ó fò wálẹ̀.

Gbì!

Ó ki orí bọ yìnyín, ó sì gbé eku jáde. Yìnyín kún ojú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun.

Mummu di ọwọ́ Elvi mú ṣinṣin. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú wọn.

"Mo rí i," ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo rí i dáadáa, ọmọ mi."

Elvi dúró títí òwìwí fi gbé eku rẹ̀ lọ.

"Mummu, ṣé mo lè họ ara báyìí?"

"Họ ọ́, jàre."

Họ́rọ́, họ́rọ́, họ́rọ́! Mummu náà sì bá a họ ọ́.