Ohun Tí Augustin Sọ Sínú Kànga

Ọ̀rẹ́, bí ìwà tí o hù níjọ́sí bá ń rùn, ṣé orin lè bo òórùn rẹ̀? Gbọ́ ìtàn Augustin Ògúnlẹ́yẹ, ará Ifangni ní orílẹ̀-èdè Benin.

Augustin ṣe sójà fún Faransé nínú ogun Àlìjéríà. Nígbà tó padà dé, ó ní òun gbẹ́ kànga fún abúlé kan tí òùngbẹ ń pa. Gbogbo ìlú gbà á gbọ́. Ní ọdún 1978, nígbà tí ìjọba Ìyípadà ń pe kálukú ní kamaráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, wọ́n fẹ́ fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ àdúgbò. Augustin pinnu láti gbé orin ara rẹ̀ jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ tí wọn yóò fi í jẹ olórí.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó tú manyẹ́tò rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì rí irin kékeré méjì nínú rẹ̀: ọ̀kan ń pa ohùn àtijọ́ rẹ́, èkejì ń kọ tuntun. Bí a bá fi bébà dídán inú páálí sìgá bo èyí tó ń pa ohùn rẹ́, ohùn tuntun yóò gun orí ti àtijọ́, méjèèjì yóò sì máa dún pọ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Ọgbọ́n ọwọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Augustin ní kàyé kan, ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ sí lójú ogun. Ó kà á sórí kásẹ́ẹ̀tì látòkèdélẹ̀, kó lè ṣa èyí tó yẹ fún orin. Lẹ́yìn náà ó gba agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì kan náà, ìyẹn sì pa ohùn kíkà rẹ́ dé ibi tí agogo parí sí. Ó wá fi bébà bo irin, ó pe Fúnláyọ̀ akọrin. Fúnláyọ̀ kọrin tán, ó sì ṣe bí àwọn akọrin wa ti ń ṣe: agogo dákẹ́, òun ń fi ẹnu lásán ki oríkì Augustin lọ. Augustin gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, ó dùn, ó pa ẹ̀rọ kí bátìrì má bàa tán.

Ọjọ́ pé. Wọ́n tan kásẹ́ẹ̀tì náà, ènìyàn ń jó. Agogo dákẹ́. Fúnláyọ̀ ké lórí kásẹ́ẹ̀tì pé, "Ògúnlẹ́yẹ, a-fún-àjèjì-lómi!" Ó dánu dúró láti mí. Ohùn Augustin fúnra rẹ̀ sì jáde lábẹ́ rẹ̀:

"Lónìí a ju òkú ajá jíjẹrà sínú kànga wọn. Èmi ni mo so ó mọ́ okùn. Ìdin ń já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọmọ kan mu omi náà kí a tó lọ. Mo rẹ́rìn-ín."

Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àlàó tutọ́ sílẹ̀. "Kamaráàdì oní-kànga! Ṣé omi ajá lo máa bù fún àwa náà?"

Augustin sá lọ sílé. Ó bu omi mu, ó bì í. Òórùn ajá ló ń gbọ́ nínú rẹ̀. Fún ọjọ́ méjì, omi kò kọjá ọ̀fun rẹ̀. Nígbà náà ni Victorin wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tó ti ń sọ ti Jésù fún un tipẹ́.

"Victorin, ọ̀gá wa ló pàṣẹ o."

"Ó pàṣẹ pé kí o rẹ́rìn-ín?"

Augustin ní, "Mo kórìíra ara mi."

"Ìyẹn kò wẹ ẹnikẹ́ni mọ́ rí. Kórìíra ara rẹ dọjọ́ ikú, ajá ṣì wà nínú kànga. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e. Jésù ti sọ̀ kalẹ̀. Òórùn náà kò lé e padà."

"Ọmọ yẹn ńkọ́? N kò mọ̀ bóyá ó yè."

"Èmi náà kò mọ̀. Ọlọ́run mọ̀. Òun ni kí o sọ ọ́ fún."

Augustin dojúbolẹ̀. Kò dárúkọ ọ̀gá mọ́. "Olúwa, èmi ni mo so ó. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Ṣàánú mi nítorí Jésù." Nígbà tó dìde, Victorin bu omi fún un, ó sì mu ún tán. Ó kọ ipò náà sílẹ̀, ó sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Fúnláyọ̀ nítorí orin irọ́ tó mú un kọ.

Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́? Bóyá o kò gbé ìbọn rí. Bóyá ahọ́n rẹ ló tú ilé onílé ká, bóyá o gbé oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí ẹnìkan. Ìwọ náà ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyìn ènìyàn kò fi tó ọ. Má fi dọ̀la. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó dìde, pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an fún Jésù. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kò sì sá fún ọ.