Ìpara Rósì Màmá Zlatka

Lọ́jọ́ tí Nevena kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí Tihomir nílé iṣẹ́ wọn ní Kazanlak, iná tó wà lókè orí wọn tijú, ó ṣẹ́jú. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi iná.

Iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa fi yíǹkì dúdú kun abala kan tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹlẹ́kítíródù ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ afẹ́fẹ́ háídírójìn di iná tí bọ́ọ̀sì fi ń rìn. Platínọ́mù ló wà nínú yíǹkì ọ̀hún, wúrà gan-an ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Nevena ló ń darí ẹ̀rọ tó ń kùn ún. Tihomir ló ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ihò wà níbẹ̀.

"Ìwọ, ihò ṣáá lò ń wá," Nevena fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọjọ́ wo lo máa rí nǹkan tó dáa?"

"Mo ti rí i. Òun ló ń bú mi yìí."

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára nìyẹn, ìfẹ́ tó gbóná débi pé yìnyín orí òkè Balkan ń yọ́ láìtásìkò.

Àmọ́ Zlatka, ìyá Tihomir, ò fẹ́ Nevena. Ó ní ọwọ́ ọmọ náà le bí èèpo igi. Òótọ́ ni. Sípírítì tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́ níbi iṣẹ́ ti mú kó sán. Wọn ò sì gbọdọ̀ fi ìpara kankan pa á. Bí ọ̀rá bá kan abala yẹn, yíǹkì á sá fún un.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, lójú gbogbo ẹbí, Zlatka gbé agolo ìpara rósì tó fọwọ́ ara ẹ̀ pò jáde.

"Ẹni tó bá máa jẹ́ ìyàwó ilé mi, ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ta sánsán bíi tèmi. Na ọwọ́ ẹ wá. Agolo yìí náà, máa mú un lọ."

Nevena wo Tihomir.

"Olólùfẹ́ mi, gbà á," Tihomir sọ sí i létí. "Má jẹ́ kí inú màmá bà jẹ́. Tó o bá ti fọwọ́ láàárọ̀, ó ti lọ nìyẹn."

"Ìwọ lo sọ ọ́ o."

Nevena fọwọ́ títí omi fi bẹ̀ ẹ́ kó dáwọ́ dúró. Ìpara ò lọ. Nígbà tí wọ́n padà síṣẹ́, abala dúdú yọ ihò roboto-roboto bí ojú ẹja, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tihomir gan-an ló kọ́kọ́ rí i. Platínọ́mù tó ṣòfò lọ́jọ́ náà tó ra odindi abúlé, tòun ti màlúù wọn.

Ọ̀gá kó gbogbo wọn jọ, ó bèèrè ẹni tó pa ìpara, ó tún bèèrè ẹni tó gbà á láyè. Tihomir mọ̀ pé bóun bá lanu, iṣẹ́ tòun náà lọ, ìlú á sì gbọ́ pé ìpara ìyá òun ló bà á jẹ́. Ó wolẹ̀.

"Èmi ni, ọ̀gá," Nevena ní. "Èmi nìkan."

Wọ́n lé e lójú ẹsẹ̀. Zlatka gbọ́, ó ní ọmọ òun ò ní fẹ́ aláìníṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Tihomir bá Nevena níbi tó ti ń di ẹrù lọ sí Plovdiv. Ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀, òkúta ì bá ti dáhùn. Ó ní òun á bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, òun á bá màmá náà sọ̀rọ̀, tó bá yá.

"Tiho mi," Nevena ní, "ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, o máa ń rí i. Láàárọ̀ yìí, mo dúró níwájú ẹ gbangba. O ò rí mi."

Ó gbé agolo ìpara lé e lọ́wọ́. "Bá mi kí màmá."

Nígbà tí Àjíǹde mìíràn dé, Zlatka tún gbé agolo kan náà jáde fún ọmọ kan tó ń ta búrẹ́dì, tó fẹ́ kí Tihomir fi ṣaya. Ọmọ náà na ọwọ́, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní ó mà ń ta sánsán o.

Ó wo Tihomir, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Tihomir wolẹ̀.