Ẹ Jẹ́ Kí Kẹ̀kẹ́ Mi Máa Dún

"Omidan, kẹ̀kẹ́ yín ń ké o! Kí lẹ fi ṣe é?"

Ohun àkọ́kọ́ tí Camiel bá mi sọ láyé nìyẹn. Orí afárá la wà, atẹ́gùn òkun ń tì mí padà, inú sì ti ń bí mi láti ilé. Mo wẹ̀yìn. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan ló ń gun ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ bọ̀, ó gbé fèrè ńlá onídẹ kọ́ ẹ̀yìn.

"Ta ni omidan rẹ?" ni mo dá a lóhùn. "Kẹ̀kẹ́ tuntun ni. Kì í ké."

"Tuntun kẹ̀?" Ó gbé ìka kan sókè bí ẹni tó ń darí akọrin. "Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Mo gbọ́. Ta ni ò ní gbọ́? Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ pẹ́dà. Owó iṣẹ́ tí mo ṣe nílé iṣẹ́ ọ̀gbọ̀ ni mo fi rà á, mi ò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbé e padà fún ẹni tó tà á fún mi. Ó gbé e kọ́, ó fọwọ́ yí pẹ́dà, kò dún. Ó ní etí mi ló ń dún. Bí mo ṣe jókòó lé e padà báyìí, kọ́!

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí n bá yín wò ó," Camiel ní.

"Ará òdìkejì kì í fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ mi."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ará òdìkejì ni mí?"

"Fèrè ẹ̀yìn rẹ. Ẹ̀yin Àgùdà lẹ máa ń fọn fèrè kiri títì."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ kì í fọn nǹkan kan, tí ẹ kàn ń lá pepamínti bí pásítọ̀ bá ń wàásù?"

Ẹ̀rín pa mí. Inú sì tún bí mi pé ẹ̀rín pa mí.

Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ló wà láàárín abúlé wa àti tiwọn, níhìn-ín ní ẹkùn Zeeland létí òkun. Lápá tiwa, róbótó ni fìlà lésì tí àwọn ìyá máa ń dé. Lápá tiwọn, onígun mẹ́rin ni. O ò tíì sún mọ́ obìnrin kan tí wàá ti mọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. A ń ra ẹyin wọn, wọ́n ń ra ọ̀dùnkún wa, ó parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ará òdìkejì. Bàbá mi, Krijn, sì rèé, alàgbà ni nínú ìjọ wa.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ṣá o. Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà fún un.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé tí a bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, a máa ń pàdé lórí òkìtì gígùn tí wọ́n fi dí òkun, níbi tí àgùntàn ti ń jẹko. Camiel tú aago kẹ̀kẹ́ kúrò, ó ṣì ń dún. Ó yọ ìjókòó, mo gùn ún lóòró, ó ń dún. Ó fi okùn di irin tó bo táyà, ó yọ pẹ́dà méjèèjì, ó fi gírísì sí i. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó ní kí n máa gùn ún lọ kí òun máa sáré tẹ̀ lé mi, kí òun dẹ etí sílẹ̀. Ó dẹ etí sílẹ̀ lóòótọ́, kò wo iwájú, ó sì ṣubú sínú ìgbẹ́ àgùntàn.

"Ó ku ọ̀nà kan," ló ní nígbà tó nu ojú tán. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó sí kárìà yín."

"Ọkùnrin lẹ́yìn obìnrin?"

"Àbí ẹ ò lágbára ni?"

Lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin tó bá jókòó sí kárìà ọkùnrin la abúlé kọjá, kò tún sí àlàyé kankan mọ́, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó jókòó sí kárìà obìnrin? Wọn ò tíì fún ìyẹn lórúkọ. Mo ní kó gòkè. Mo tẹ pẹ́dà títí itan mi fi ń gbóná. Ó tẹ̀ ba, ó ń dẹ etí, etí rẹ̀ sì kan ẹ̀yìn mi.

"Kí lo gbọ́?" ni mo bi í.

"Ọkàn rẹ ń lù kì-kì-kì."

"Kẹ̀kẹ́ ni mo ní kí o gbọ́, òpònú!"

"Kẹ̀kẹ́ náà ń dún. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ ló dùn ún gbọ́ jù."

Àtọjọ́ náà ni kò ti fi ẹ̀yin pè mí mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá rí ẹnikẹ́ni tó gbé fèrè kọ́ ẹ̀yìn, àyà mi á já.

"Nel, olólùfẹ́ mi," ó sọ lọ́jọ́ kan, gírísì kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, "bí mo bá rí ibi tí ariwo yìí wà, kí lo máa fún mi?"

"O ò ní rí i."

"Bí mi ò bá wá rí i ńkọ́?"

"Wàá máa wá a títí tí a ó fi darúgbó."

"Mo gbà," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe tọrọ mi lọ́wọ́ ara mi nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ tó ń ké kò ṣe é fi yọ́ ìfẹ́ ṣe. Àǹtí Jozina tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ló kọ́kọ́ dá mi dúró.

"Nel, mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ lórí afárá lánàá. N ò rí nǹkan kan o. Mo kàn gbọ́ ni."

"Ẹ kú etí, Àǹtí."

Àmọ́ ti bàbá mi ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Marinus, gun kẹ̀kẹ́ jáde lọ́dún omíyalé ńlá, ó fẹ́ lọ tú àwọn ẹṣin sílẹ̀, kò sì padà wálé. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù. Láti ìgbà náà bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí mo bá ti jáde, àga ojú fèrèsé ló máa jókòó sí, kó máa wo ọ̀nà. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ti dìde wọ yàrá. Ó ń ṣọ́ mi ni, mo rò ó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú bí nǹkan míì.

Lọ́jọ́ kan kò wọ yàrá. Ó dúró dè mí nínú ilé ìdáná.

"Pieternel," ó pe orúkọ mi ní kíkún. "Ọmọ Àgùdà ni?"

"Camiel lorúkọ rẹ̀, Bàbá."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

"Ọmọ Àgùdà ni."

"Ẹ̀sìn méjì lórí ìrọ̀rí kan, èṣù ló ń sùn láàárín wọn. Ṣé o ò gbọ́ ọ rí ni?"

"Mo gbọ́ ọ. A máa ra ìrọ̀rí méjì."

Ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ màmá mi. Bàbá mi kò gbé ohùn sókè. Ó ní wọ́n á gba ipò alàgbà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ká òun lára. Ó wò mí tìtì.

"Ọjọ́ tí o bá ti kọjá afárá yẹn lọ fẹ́ ẹ, má padà sílé yìí mọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ṣé o máa fi í sílẹ̀?"

"Rárá."

Mo wọ yàrá mi, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Mo nífẹ̀ẹ́ bàbá mi. Mi ò fẹ́ yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ta ló sì ní kí n yàn? Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tí a bá ń jẹun, màmá mi ló máa ń rán. "Sọ fún ọmọ rẹ kó gbé ọ̀dùnkún wá." Ọmọ rẹ̀ sì rèé tí a jọ wà nídìí tábìlì! Èmi náà á gbé e lọ síwájú rẹ̀, màá ní, "Màmá, ẹ sọ fún ọkọ yín pé ọ̀dùnkún rèé."

Camiel náà ń jìyà tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń sunkún kiri ilé. Fáda wọn ní òun ò ní so wá pọ̀. Pásítọ̀ wa náà ní òun ò jẹ́ dán an wò. A ní kò burú, ìjọba á so wá.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ yẹn ti sú mi. Bí wọ́n bá ń gbọ́ mi, kí wọ́n kúkú rí mi.

Ní abúlé wa, a kì í gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nínú aṣọ dúdú. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ gbé Camiel lókè afárá, mo gbé e sí kárìà, mo sì já sójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an nígbà tí wọ́n ń tú jáde.

"Nel mi," ó sọ lẹ́yìn mi wúyẹ́wúyẹ́, "àwọn èèyàn yìí máa pa wá o."

"Di ìbàdí mi mú. Má wolẹ̀."

Kọ́. Kọ́. Kọ́. Gbogbo ènìyàn dákẹ́ lọ gbári, ariwo kẹ̀kẹ́ mi nìkan ló kù.

"Ọkùnrin lẹ́yìn obìnrin!" Àǹtí Jozina figbe ta. "Lọ́jọ́ Olúwa!"

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni, Àǹtí! Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi o!"

Bàbá mi dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú fìlà dúdú lọ́wọ́. Mo wò ó lójú, mo fẹ́ kó rí i pé ẹ̀rù ò bà mí. Ṣùgbọ́n ojú mi kọ́ ló ń wò. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò, ẹsẹ̀ ọ̀tún, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ tó ń bọ̀ sókè.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Màmá mi bá mi di irun. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé fìlà róbótó rẹ̀ dé.

"Ẹ máa tẹ̀ lé mi?" ni mo bi í.

"Ìwọ nìkan lo lẹ́sẹ̀ ni?"

"Bàbá ńkọ́?"

"Ó ti wà lẹ́yìnkùlé látàárọ̀."

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi ló kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ mi, ó ti ṣí àpótí tó bo ṣéènì, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí mi gbóná.

"Bí ẹ bá tú u palẹ̀, màá fẹsẹ̀ rìn lọ!"

"Ọmọ yìí, agídí rẹ mà pọ̀ o." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá èmi fúnra mi sọ láti ọjọ́ náà nìyẹn. "Irin kékeré tó mú apá pẹ́dà ọ̀tún ló dẹ̀. Inú àpótí yìí ló fara pamọ́ sí. Kò léwu, ariwo lásán ni. Ìwọ àti oní-fèrè rẹ ì bá máa wá a títí irun yín á fi funfun."

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tí o gbé e wálé."

"Kí ló dé tí ẹ ò dì í nígbà yẹn?"

Ó nu sípánà náà mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ó tún nù ún.

"Kẹ̀kẹ́ Marinus kì í dún," ló ní. "Èmi fúnra mi ni mo máa ń fi epo sí i. Lálẹ́ ọjọ́ omíyalé náà mo ń dẹ etí, mo ń dẹ etí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti wọlé ni àbí kò tíì wọlé. Tìrẹ, láti orí afárá ni mo ti ń gbọ́ ọ. Tí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, ó tán, mo lè lọ sùn."

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bínú sí àga ojú fèrèsé yẹn!

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ dì í lónìí?"

"Ọmọ mi ò lè gun kẹ̀kẹ́ tó ń ké lọ sílé ọkọ, kí àwọn Àgùdà máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Ó wolẹ̀. "O ò sì ní padà wá mọ́. Èmi ni mo sọ ọ́. Kí ni mo tún fẹ́ máa gbọ́?"

Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lára. Mo gba sípánà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má dì í. Ẹ jẹ́ kó máa dún. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ọkọ mi ń bọ̀ wá jẹun. Ẹ máa gbọ́ wa láti orí afárá."

"Mo ní kí o má padà wá."

"Mo gbọ́ yín nígbà yẹn, Bàbá. Mi ò gbà."

Ó pa àpótí ṣéènì dé fínnífínní. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ jáde, ó ní kí màmá mi jókòó sí kárìà.

Ó bá mi dé ẹsẹ̀ afárá. Ibẹ̀ ló dúró sí. Màmá mi sọ̀ kalẹ̀, ó rìn kọjá pẹ̀lú mi. Lódìkejì, Camiel ń dúró pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ dúró tì í nínú fìlà onígun mẹ́rin, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Àwọn ìyá méjèèjì wo ara wọn. Màmá mi yọ pepamínti kan lápò, ó nà án sí i. Obìnrin náà gbà á.

"Camiel!"

Bàbá mi ló pè. Kò pe orúkọ náà rí.

"Pẹ́dà ẹsẹ̀ ọ̀tún ni o!" ó kígbe láti ẹsẹ̀ afárá. "O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Camiel wò mí, kò mọ ohun tí bàbá mi ń sọ. "Sọ pé o ti gbọ́," mo ní fún un.

"Mo ti gbọ́, Bàbá!"

Mo ní kí ọkọ mi gòkè sí kárìà. Mo tẹ pẹ́dà. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Mi ò wẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé bàbá mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí ariwo náà á fi tán létí rẹ̀.