Ìwé Tí Kò Ní Ohùn

Ìwé náà dé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nínú ọ̀rá dúdú, kò sì sí àmì kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọgọ́fà ojú ìwé gbáko! Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Adébímpé ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó ní, "Ta ló fojú Yorùbá gbolẹ̀ báyìí?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ Adébímpé, ọmọ Ìlàjẹ ni, Ogunu ló ń gbé nílùú Warri. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni pé kó máa ka ìwé àwọn òǹkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ wọn rí, àwọn tó ń tẹ ìwé wọn fúnra wọn tí wọ́n sì ń gbé e kiri fúnra wọn, kó wá sọ ohun tó rí nínú rẹ̀ fáyé gbọ́ lórí Fesibúùkù. Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì fi bò. Tí ìwé bá dára, á yìn ín dọ́ba. Tí kò bá dára, ẹ̀bẹ̀ òǹkọ̀wé kò ní mú kó bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ ìwé tí kò bá tíì kà dé òpin. Ìwé tí kò bá sì ní àmì, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi pẹ́ńsù sàmì sí i bó ṣe ń kà á. Ó ní Yorùbá tí kò ní àmì, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?

Ọlágbénró ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé náà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Kò sí àwòrán. Bébà rẹ̀ tutù lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí ẹrẹ̀ etí odò nígbà tí omi bá fà. Ìwé pélébé kan já bọ́ láti inú rẹ̀: "E jowo ma, e ba mi fi ami si i. Emi ko le se e mo."

"Ó kúkú mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀," ni Adébímpé wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbẹ́ pẹ́ńsù, ó jókòó.

Ìtàn abàmì ni, ó sì dùn. Adébímpé fẹ́ràn rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹsàn-án ló bá gbólóhùn kan pàdé: "Ni aaro ojo Aje, won ba owo leyin ilekun." Ó dúró. Ṣé ọwọ̀ ni àbí ọwọ́? Ṣé ìgbálẹ̀ ni wọ́n bá lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ni, àbí ọwọ́ ènìyàn? Ó rò ó wò, ó ní ta ló ń ka ìtàn abàmì nítorí ìgbálẹ̀. Ó fi àmì òkè sí i, ó di ọwọ́, ó sì kà á lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ rẹ̀ ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Adébímpé ti ìlẹ̀kùn yàrá kó lè gbálẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rí i. Ọwọ́ ènìyàn hàn ketekete lára pákó ìlẹ̀kùn náà, ìka márààrún, ó tutù rinrin. Omi ń ṣàn wálẹ̀ láti ìdí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fi àkísà nù ún, ó nù ún gbẹ dáadáa. Bó ṣe ká àkísà kúrò báyìí, ọwọ́ náà tún yọ, yanrìn odò sì há sí àárín àwọn ìka rẹ̀.

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó wo pẹ́ńsù, pẹ́ńsù náà wò ó. Nígbà tó yá, ó mú ìrésà, ó pa àmì òkè rẹ́, ó fi ti ìsàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀: ọwọ̀. Ó padà lọ wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Pákó ti gbẹ táútáú. Ìgbálẹ̀ tuntun kan fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀, wọ́n fi okùn àwọ̀n ẹja dì í nídìí. Kì í ṣe tirẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń di ìgbálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá ti ju ìwé náà sódò. Ṣùgbọ́n Adébímpé yìí, orí kunkun ni Ọlọ́run fi dá a. Ó ní, "Mi ò tíì kà á dé òpin." Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ọgbọ́n sàmì. Níbi tí "iya" bá ti lè jẹ́ ìyà, ó sọ ọ́ di ìyá. Níbi tí "ogun" bá ti lè jẹ́ ìjà, ó sọ ọ́ di ogún. Ilé sì tòrò títí di ọjọ́ Jímọ́ọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ni, òun àti ará ìjọ wọn mẹ́sàn-án sì ń lọ síbi ìdúpẹ́ ní ìletò àwọn ará Ìlàjẹ kan lódìkejì odò. Màmá Hadassah wà nínú wọn, ìyá àgbà tó wẹ Dayọ̀ fún Adébímpé nígbà tó bí i. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló wà lójú ìwé náà:

"Ni aaro ojo Abameta, eniyan mewaa wo oko. Oko naa ri. Olusanmi nikan lo ku."

Ọwọ́ rẹ̀ ti sáré ju ojú lọ. Kí ó tó mọ̀, ó ti fi àmì sí i: wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà rì. Ìgbà náà lojú rẹ̀ wá kan orúkọ yẹn.

Olúsànmí ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Kì í pe orúkọ náà rárá, Bàbá Dayọ̀ ló ń pè é, bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè dá a mọ̀. Pẹ́ńsù dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì ní àmì. Tó bá fi ti òkè sí i, Olúsànmí nìkan ló kú: àwọn mẹ́sàn-án á wálé, òkú ọkọ òun ni wọn á gbé bọ̀. Tó bá fi ti ìsàlẹ̀ sí i, Olúsànmí nìkan ló kù: ọkọ òun á wálé, omi á gbé mẹ́sàn-án lọ, tòun ti Màmá Hadassah.

Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Kò lọ. Ó tún un pè, kò lọ. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó tẹ nọ́ńbà òǹkọ̀wé náà. Kò tíì dún tán tí wọ́n fi gbé e.

"Ẹ ti dé òpin rẹ̀, ma," ni ọkùnrin kan wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Ta ló sọ orúkọ ọkọ mi fún ọ?"

"Mi ò mọ ọkọ yín, ma. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mò ń kọ. Láti inú omi ló ti ń bá mi sọ ọ́."

"O ò ṣe fi àmì sí i?"

"Ẹni tó ń sọ ọ́ kò ní ohùn, ma. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ẹni tó bá fi ohùn sí i ló máa pinnu. Èmi ni mo sàmì sí ìwé mi àkọ́kọ́. Mo ní ìyàwó nígbà náà."

Àánú rẹ̀ ṣe Adébímpé, inú sì tún bí i gidigidi. "O wá gbé e lé mi lọ́wọ́! Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń kà á dé òpin," ni Ọlágbénró wí. "Mo rò pé ẹ máa rí ohun tí èmi ò rí."

Adébímpé pa fóònù. Ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀, ìbínú ló kù. Ó ní, "Mi ò ní í pa ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ mi níbẹ̀ yẹn? Mi ò pa ọkọ mi, mi ò sì pa ará ìjọ mi!" Ó padà sí gbólóhùn náà, ó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Àárọ̀. Ènìyàn. Mẹ́wàá.

Wọ.

Ta ló sọ pé wọ́n wọ ọkọ̀? Òun náà ló fi àmì sábẹ́ rẹ̀ láìrò ó! Ó mú ìrésà, ó pa á rẹ́. Ènìyàn mẹ́wàá wo ọkọ̀. Wọ́n wò ó ni, wọn ò wọ̀ ọ́. Kí ọkọ̀ náà wá rì bó bá ṣe wù ú, tòun ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀!

Kò tíì dé orí "ku" tí fóònù fi dún. Nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ ni.

"Bàbá Dayọ̀! Níbo lo wà?"

"Oko ti ri," ni ó dáhùn. "A kan n wo o ni."

Ohùn ọkọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Won ti lo. Emi nikan lo ku."

Ó fi etí mọ́ fóònù, kò mọ èwo ló sọ. Ó di pẹ́ńsù mú, ó fa àmì ìsàlẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé bébà ya. Ó wá pe orúkọ tí kò pè rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. "Olúsànmí! Tún un sọ!"

"Mo ní èmi nìkan ló kù!" Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè sódò, ó tilẹ̀ ń kanra. "Kí ló ń ṣe ọ́? Àwọn yòókù ti lọ sílé. Mò ń wá bí a ó ṣe yọ ẹ́ńjìnnì. Màmá Hadassah ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti wọlé, ó ní ẹsẹ̀ ọ̀hún ò sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa kàn dúró, à ń wo ọkọ̀, ó sì rì níṣojú wa. Ṣé ẹkún lò ń sun ni?"

Ẹkún ló ń sun lóòótọ́, ó sì sun ún tẹ́rùn.

Lọ́sàn-án ni ọkọ rẹ̀ wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó wẹ̀, ó jókòó ti àwo púpurù, òkèlè àwọn ará Ìlàjẹ, ní pálọ̀. Adébímpé tún ti pe Ọlágbénró. Ọkùnrin náà ní ogójì ẹ̀dà lòun gbé fún ìsọ̀ kan ní Deco Road, gbogbo rẹ̀ ti lọ tán. Ogójì! Adébímpé kò sunkún mọ́. Ó wọ yàrá, ó kọ èrò rẹ̀ lórí ìwé náà, ó fi síta fún gbogbo ayé: "Ìwé yìí dára. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ka ìtàn tó dùn tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní in lọ́wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi àmì sí i. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà, màá wá gbà á lónìí." Ó ti pinnu láti kó gbogbo ogójì náà jọ, láti ilé dé ilé.

Marvellous ló kọ́kọ́ fèsì. Ọmọ àdúgbò Ekurede ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Adébímpé ń kọ́ ní Yorùbá lẹ́yìn ìsìn, tó jẹ́ pé Pidgin ló fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè.

"Anti, I get am! Na now now I finish am. I don put all the mark wey you teach us."

Adébímpé kọ ọ́ kíákíá: "Last page. 'Ku.' Which mark you put?"

"The one wey go up, Anti. No be that one mean say e remain?"

"Rub am comot! Rub am now! I dey come!" Ó ti dìde, ó ti fi ẹsẹ̀ kan sínú bàtà. Ìgbà náà ló ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ ìró àwo ní pálọ̀ mọ́.

"Bàbá Dayọ̀!" ló kígbe.

Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn láti pálọ̀.

"Mo n bo."