Omi Tó Kan àti Káún Ìyá Àgbà

"Àbí ẹ fẹ́ sè mí bí iṣu ni?"

Ìyá Àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá onígi ńlá náà. Ó ti ìka kan bọ omi inú rẹ̀, ó sì yára fà á yọ. "Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹnikẹ́ni kò sè mí rí."

Àìná bú sẹ́rìn-ín. Akínbọ̀wálé bàbá rẹ̀ pàápàá, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

Òyìnbó kan, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Rọ́ṣíà, ló ni àgbá náà tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ràn kí ó máa jókòó sínú omi gbígbóná tó mu ún dé ọrùn. Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ó fi í ta Akínbọ̀wálé lọ́rẹ, nítorí òun ló ń bá a tún páìpù omi ṣe. Ààrò irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń dáná igi sí, páìpù méjì ló sì so ààrò mọ́ àgbá. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Titirou, àdúgbò wọn.

Orúnkún Ìyá Àgbà tó ń dùn ún ni Akínbọ̀wálé ń rò tó fi gbà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ṣábẹ̀ wá sí Parakou, Ìyá Àgbà ló máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu àwọn obìnrin jó dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè. Ní èṣín, orúnkún kò jẹ́. Orí ìjókòó ló wà tí ẹlòmíràn fi gbé e, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà. Ìkórè tọdún yìí sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Ẹ gbọ́ o," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n óò dán an wò, láàárọ̀ ọ̀la. Bó bá ṣe mí bákan, ẹ fi àgbá yín gbin ẹ̀fọ́."

Àìná, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń ṣe dáadáa jù nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní kíláàsì rẹ̀, ni bàbá fi ṣe olùtọ́jú omi.

"Àádọ́ta korobá la fà láti inú kànga," ni bàbá wí, "ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti dé. Omi yìí kò gbọdọ̀ dà nù. Jàfẹ́lì tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni yóò pa kòkòrò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdérí ìgò la fi ń wọ̀n ọ́n." Ó mú ìgò oògùn kékeré méjì tí òyìnbó fi sílẹ̀ jáde. "Bu omi díẹ̀ sínú ife dígí yìí, kán oògùn sí i. Ìgò kìíní: bó bá rí bí ìyeyè, omi náà kan. Bó bá pọ́n bí osùn, ó ti kọjá ààlà. Bí epo pupa tuntun la fẹ́. Ìgò kejì: bó bá ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, jàfẹ́lì tó. Bó bá dúdú bí tíì, ó pọ̀ jù. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ sínú ìwé yìí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí Àìná ti gbé ife dígí ni Bọ́lánlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kámáràdì Àìná! Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì ìwọ́de fún ayẹyẹ ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá o! Bí o bá pẹ́, Sìdíkátù ni wọ́n máa fi sí ipò rẹ ní ìlà iwájú."

"Jẹ́ kí n wọn omi yìí ná."

"Omi ìwẹ̀ lo fẹ́ wọ̀n bí ẹni wọn góòlù? Nílé tiwa, bí a bá ti gbóòórùn jàfẹ́lì, a ti mọ̀ pé ó mọ́. Àbí imú rẹ ti kú ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé gbogbo ènìyàn: imú ni òṣùwọ̀n. Àìná ṣí ìgò jàfẹ́lì, ó dà á sí i. Ó fi imú gbọ́ ọ, ó tún dà á, títí àgbàlá fi ń rùn bí ọsibítù. Lẹ́yìn náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Epo tuntun. Jàfẹ́lì tó." Kò kán oògùn kankan. Ó sì sáré bá Bọ́lánlé lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ ń fẹ́. Ìyá Àgbà ró ìró mọ́ àyà, ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ó jókòó.

"Háà! Ẹ̀yin òyìnbó, ẹ mà ń jayé o!"

Kò pẹ́ tí ó fi sín. Omi ń dà lójú rẹ̀, ara ń yún un. "Ojú mi o! Akínbọ̀, ẹ ti fata sí mi!" Ó fò jáde, ó fi agbada kékeré tó wà nítòsí bu omi tútù sójú. Aládùúgbò kan tó ń wò láti orí ògiri ní orúnkún rẹ̀ mà ti san, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín.

"Ó tán," ni ó wí. "Ẹ lọ gbin ẹ̀fọ́."

Akínbọ̀wálé kán oògùn ìgò kejì sínú ife. Ó dúdú bí tíì. Ó ṣí ìwé. "Jàfẹ́lì tó lo kọ síbí. Ṣé ayédèrú jàfẹ́lì ni wọ́n tà fún wa lọ́jà ni?"

Ọ̀nà àbáyọ rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àìná yí ojú sí ìyá àgbà rẹ̀ tó ṣì ń fọ ojú. Ó kúnlẹ̀.

"Rárá, Bàbá. N kò wọ̀n ọ́n. Irọ́ ni mo kọ."

Bàbá pa ìwé náà dé. "Jàfẹ́lì tó pọ̀ jù ṣeé tún ṣe. Irọ́ inú ìwé ńkọ́, ta ni yóò tún un ṣe?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Omi kò ní dà nù. Wá nǹkan ṣe sí i."

Àìná kọ ìgbáradì sílẹ̀. Sìdíkátù gba ìlà iwájú. Àìná ti kà nínú ìwé rẹ̀ pé oòrùn máa ń lé jàfẹ́lì kúrò nínú omi, nítorí náà ó ṣí àgbá sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán Mọ́ńdè, àwọ̀ ìgò kejì ti di fẹ́ẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó kán ìgò kìíní. Ìyeyè! Omi kànga wọn kan láti ìpilẹ̀, kò sì mọ̀, torí pé kò wọ̀n ọ́n. Agolo ìyẹ̀fun funfun tí òyìnbó fi ń ṣàtúnṣe rẹ̀ sì ti ṣófo. Ó rin gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò Zongo, wọn kò ní in. Ó padà wálé, ó jókòó gẹlẹtẹ.

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò bìkítà. "Kí ló tún ṣe omi yín?"

"Ó kan, Ìyá Àgbà."

"Ó kan? Ta ló fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i?"

"Láti inú ilẹ̀ ló ti kan wá. Oògùn òyìnbó tó ń pa kíkan rẹ̀ ti tán."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nílẹ̀. "Oògùn òyìnbó! Bí mo bá ń se ìṣápá, kí ni mo fi ń pa kíkan rẹ̀?"

Àìná dìde fùú. "Káún!"

Wọ́n gún káún, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Àìná kọ́kọ́ dán an wò nínú abọ́ kan. Ó kán oògùn sí i: àwọ̀ ìyeyè yí padà lójú wọn. Ó ké, ó dì mọ́ Ìyá Àgbà.

"Ó yá, da gbogbo rẹ̀ sí i jàre!" ni Ìyá Àgbà wí.

"Rárá o. Ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ká sì máa wò ó."

"Ọmọ yìí ti di jẹ́ńdáámù, ọlọ́pàá omi!"

Ní ṣíbí kẹjọ, ohun tó wà nínú ife dígí pọ́n bí epo pupa tuntun. Àìná kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé ọjọ́ Ẹtì, ó fa ìlà sí i, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Irọ́ ni èyí. Èmi Àìná ni mo pa á."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ń pe iná. "Káún mi ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọbẹ̀ mi wò." Ó wọ inú àgbá, ó jókòó, ó di ojú. Ojú kò ta á, ara kò yún un. Nígbà tí igi jó tán nínú ààrò, ó kọ̀, kò jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́ títí di Sátidé.

Lọ́jọ́ ìkórè, apẹ̀rẹ̀ iṣu wà lórí Ìyá Àgbà. Ó jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ó yí. Akínbọ̀wálé rẹ́rìn-ín sókè ketekete, ó gbàgbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ìlà kẹta ni Àìná wà. Bọ́lánlé yí ẹ̀yìn padà, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Lọ́jọ́ mìíràn, n óò dúró kí o wọ̀n ọ́n tán."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìwọ̀n yẹn ì bá gbà. Irọ́ tó rọ́pò rẹ̀ jẹ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ijó kan lọ́wọ́ ìyá arúgbó. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín bó ti yẹ, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe.